Ibi Tí Ẹsẹ̀ Ọmọ Lè Dé

Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni Ìyá Onílẹ́tà fi pín lẹ́tà kiri àdúgbò ẹ̀yìn rélùwéè kó tó fẹ̀yìn tì. Nígbà tí wọ́n fi í sínú ìgbìmọ̀ tí yóò yan ibi tí àwọn ọmọ àdúgbò náà yóò ti máa kọ́ kọ̀ǹpútà lẹ́yìn ilé-ìwé, ó mọ̀ pé wọ́n kàn fi òun dí àga ni. Gbọ̀ngàn tuntun kan ló ti wà lọ́kàn Alága. Ó tẹ́ máàpù sórí tábìlì, ó fi ìka wọn ọ̀nà.

"Láti ilé-ìwé dé ibẹ̀, kò ju ìdajì ìka lọ."

"Ìka yín ló rìn ín, Alága," ni ìyá náà wí. "Ẹsẹ̀ ọmọ ò tíì rìn ín. Ẹ jẹ́ ká jọ lọ lọ́la, tí ilé-ìwé bá jáde."

Ẹ̀rín pa ẹnjiníà iná tó ṣe ìkẹta wọn. Alága ò rẹ́rìn-ín, àmọ́ ó gbà.

Lọ́jọ́ kejì, wọn ò tíì rìn jìnnà tí ọgbà irin rélùwéè fi dí wọn lọ́nà. Máàpù ò sọ ti ọgbà. Wọ́n yí i ká títí wọ́n fi dé afárá, wọ́n gùn ún, wọ́n sọ̀ kalẹ̀. Alága ń mí hẹlẹhẹlẹ. Kí wọ́n tó dé gbọ̀ngàn, wákàtí kan ti fẹ́rẹ̀ẹ́ lọ.

"Ó tó," ni Alága wí. "Ibo lẹ wá fẹ́ ká lò, ìyá?"

Ó mú wọn padà sí ilé alágbàfọ̀ tó kọjú sí ilé-ìwé. Àwọn obìnrin ń lọ aṣọ nínú ilé. Àwọn ọmọ wọn jókòó sórí àtẹ̀gùn, wọ́n ń dúró dè wọ́n, wọ́n gbé ìwé lé orúnkún. Yàrá òkè ṣófo. Ẹnjiníà yẹ iná wò, ó mi orí pé ó dára.

"Iná tó ń gbé ẹ̀rọ ìfọṣọ mẹ́wàá, kí ni kọ̀ǹpútà fẹ́ fi í ṣe?"

Alágbàfọ̀ fúnra rẹ̀ ló kọ̀. "Ọmọdé á bá mi ba aṣọ oníaṣọ jẹ́."

"Bàbá," ni Ìyá Onílẹ́tà wí jẹ́jẹ́, "ọdún mélòó ni wọ́n ti ń jókòó sórí àtẹ̀gùn yín? Aṣọ mélòó ni wọ́n ti bà jẹ́?"

Bàbá wo àwọn ọmọ, ó wo aṣọ tó funfun nigín lórí okùn. Ó họ orí, ó wọlé, ó sì mú kọ́kọ́rọ́ jáde.

Nígbà tí ìgbìmọ̀ máa dìbò, ọwọ́ Alága ló kọ́kọ́ lọ sókè.

Ọjọ́ tí wọ́n ṣí yàrá òkè náà, ogún àga ni wọ́n tò. Ọmọ mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ló dé. Méjì-méjì ni wọ́n há mọ́ra wọn. Ọmọ obìnrin kan tẹ nǹkan, ẹyẹ kan sì fò kọjá lójú kọ̀ǹpútà. Ó sáré sí orí àtẹ̀gùn, ó nahùn pe ìyá rẹ̀ nísàlẹ̀.

"Màmá, ẹ wá wò ó. Èmi ni mo ní kó fò."

Gbogbo àwọn tó ń lọ aṣọ ló gòkè wá wò ó. Orí Ìyá Onílẹ́tà wú. Ó fara ti ògiri, ó ń wo ìyá ọmọ náà bó ṣe fi ọwọ́ tó ṣì lọ́ wọ́ọ́rọ́ láti ìdí aṣọ lílọ̀ di ejìká ọmọ rẹ̀ mú, tó ní kó tún un ṣe.