Èèpo Ẹ̀gbà

"Tẹ̀ ẹ́ wò," ni Àtàndá wí.

Àwáwù fi àtàǹpàkò tẹ egbò ẹsẹ̀ ọkọ rẹ̀. Lókè, egbò náà ti gbẹ, ó dúdú, ó le bí awọ bàtà. Lábẹ́, ó rọ̀. Òórùn jáde.

"Ó ń jẹrà nínú," ni Àwáwù wí.

"Mo mọ̀." Àtàndá kọjú sí ògiri. "Mo ti pe àbúrò mi, Labeebah. Ó ń rán ọlọ́kadà bọ̀. Wá gbé mi dé ẹnu ọ̀nà. Ọsibítù ni mò ń lọ."

Àwáwù kò dìde.

Láti ìgbà ọ̀dọ́ ni Àtàndá ti ń ta èèpo ẹ̀gbà ní Sekona. Igi inú omi iyọ̀ ni ẹ̀gbà. Láti ilẹ̀ Ìlàjẹ ni wọ́n ti ń kó èèpo rẹ̀ wá fún un. Àwọn apẹja ibẹ̀ a máa fi omi rẹ̀ pa àwọ̀n láró kí ó má baà jẹrà. Ó ń dá ìgbẹ́ gbuuru dúró. Ó ń mú ojú egbò gbẹ. Ṣùgbọ́n bí ọyún bá wà nísàlẹ̀, ńṣe ni yóò dé e mọ́nú. Gbogbo oníbàárà ni Àtàndá máa ń kìlọ̀ fún: "Ẹ jẹ́ kí ọyún tán ná."

Kò rántí ìkìlọ̀ náà nígbà tí ọkọ́ ṣá Salman, ọmọ wọn, lẹ́sẹ̀ lóko Alajue. Àwáwù ní kí wọ́n gbé ọmọ lọ sí ọsibítù. Àtàndá kọ̀.

"Bí wọ́n bá rí ọmọ mi lọ́dọ̀ dókítà, ta ni yóò tún ra ẹ̀gbà lọ́wọ́ mi?"

Ojú egbò Salman tètè gbẹ. Àtàndá pe àwọn oníbàárà wá wò ó. Kò pẹ́, wọ́n sin ín.

"Àwáwù. Ṣé o ò gbọ́ ni?"

"Mo gbọ́, Bàbá Salman."

Ó ti pẹ́ tí ó ti pè é bẹ́ẹ̀ kẹ́yìn.

"Fi aṣọ bo ẹsẹ̀ mi, kí wọ́n má rí i."

"Bí wọ́n bá rí i, ta ni yóò tún ra ẹ̀gbà lọ́wọ́ yín?"

Àtàndá dá ọ̀rọ̀ náà mọ̀.

"Mo bẹ̀ ọ́, nítorí Ọlọ́run. Mi ò lè dìde."

"Èmi náà bẹ̀ yín nítorí Salman. Mo kúnlẹ̀ níbẹ̀ yẹn. Ẹ ní mò ń dí yín lọ́nà."

Ọ̀kadà fọn fèrè níta. Àwáwù jáde. Usamah ọlọ́kadà ni, kò pa ẹ́ńjìnnì rẹ̀.

"Ẹ kú ilé, Ìyá. Ẹ̀gbọ́n Labeebah ní kí n wá gbé Bàbá."

"Máa lọ, ọmọ mi. Egbò ti jiná."

Àtàndá ń pariwo nínú yàrá.

"Kí ni Bàbá ń wí?"

"Wọ́n ń kí ọ."

"Ẹ bá mi kí wọn o." Usamah yí ọ̀kadà padà, ó lọ.

Àwáwù koná. Ó da èèpo ẹ̀gbà sínú ìkòkò, ó dúró títí omi fi pọ́n, ó sì gbé e wọlé.

"Ẹ na ẹsẹ̀ yín," ni ó wí.