Ife Mẹ́jọ Ìyá Oníbúrẹ́dì

Bí Ìyá Oníbúrẹ́dì bá ti ní òun máa ṣe nǹkan, ẹ má wulẹ̀ fi ẹnu yín ṣòfò. Ọdún mẹ́tàlélógún ló ti ń dúró níwájú ààrò, iná ò rí i mú. Òkúta inú kíndìnrín ló wá dá a wólẹ̀ lóṣù tó kọjá. Ọmọ mẹ́ta ló bí, ó sì ní ìrọbí ò tó ìrora yẹn rárá. Dókítà ní bí òmíràn bá tún dì, iṣẹ́ abẹ ni, á sì kúrò nídìí ààrò fóṣù mẹ́ta gbáko. Oṣù mẹ́ta kẹ̀! Kí ṣọ́ọ̀bù kú nìyẹn.

Nọ́ọ̀sì ló sọ ọ̀nà àbáyọ fún un. "Màmá, ẹ kì í mu omi, bẹ́ẹ̀ ìdí iná lẹ wà. Ife mẹ́jọ lójúmọ́, kó má dín."

"Ife mẹ́jọ péré? Ó ti parí."

Háà, ṣé ẹ rí i, ní ṣọ́ọ̀bù yẹn, nǹkan kan ṣoṣo ló ń jẹ́ ife: agolo onírin tí wọ́n fi ń wọn omi sí ìyẹ̀fun, tó ń gbà ju lítà kan lọ. Òun náà ni màmá gbé láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Àkọ́kọ́ wọlé wẹ́rẹ́. Nígbà tó mu ẹ̀kẹrin, ikùn ẹ̀ ti ń dún.

"Mọ́mì, ṣé ẹ fẹ́ di àgbá ni?" Ọmọ rẹ̀ obìnrin, tí wọ́n jọ ń po ìyẹ̀fun, ló bú sẹ́rìn-ín.

"Gbájú mọ́ ìyẹ̀fun rẹ, jàre."

Kó tó di aago mọ́kànlá, ó ti mu márùn-ún. Orí ń fọ́ ọ, èébì ń gbé e, ó ṣì bu ẹ̀kẹfà. Ló bá dúró síwájú ọpọ́n ìyẹ̀fun, kò rántí bóyá òun ti fi iyọ̀ sí i. Òun! Ẹ̀rù bà á gidi. Ọmọ rẹ̀ rí ojú yẹn, ó pe nọ́ọ̀sì lórí fóònù, ó ní ife omi márùn-ún ni màmá ti mu.

"Ife wo ni wọ́n fi mu ún?"

"Èyí tá a fi ń wọn omi. Ó ju lítà kan lọ."

"Yéè! Ẹ gbà á lọ́wọ́ wọn! Ife tíì ni mo wí! Gbogbo mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ ò ju lítà méjì lọ, kí wọ́n sì pín in káàkiri ọjọ́. Omi àpọ̀jù ń dín iyọ̀ ara kù. Ẹ gbé wọn wá kíákíá!"

Ọmọ di agolo mú, ìyá ò jọ̀wọ́ rẹ̀. "Ó ku mẹ́ta," ló ń wí, ahọ́n rẹ̀ ti wúwo.

"Mọ́mì, ṣé ẹ fẹ́ pa ara yín ni?" Ọmọ náà ti ń sunkún.

Ìyá yíjú sí i. "Èmi? Torí kí n má bàa kú ni mo ṣe ń mu ún."

Ó wá ju agolo sílẹ̀. Ó na apá sọ́mọ rẹ̀. "Dì mí mú dáadáa. Ká máa lọ."