Ìgbín Olóòlà Lórí Tábìlì Dókítà

"Bàbá, kí lẹ fẹ́ fi ìgbín ṣe lọ́sibítù?"

Ìgbín náà ti ń wọ́ lọ lórí tábìlì Dókítà Ọlábọ̀wálé, ó dorí kọ ife tíì. Àkíbù Olóòlà jókòó gbọnin, ó wo dókítà bí ẹni tí wọ́n bi ní ìbéèrè òpè.

"Ibi tí abẹ bá kàn, omi ìgbín ló ń tù ú. Bẹ́ ẹ bá fẹ́ fi tipátipá la ojú mi, ẹ ó ro ó sí i nìyẹn. Ṣùgbọ́n iná tí wọ́n ní ẹ fi ń la ojú láìlo abẹ ni mo fẹ́ ní tèmi."

Ẹ má fi ọkùnrin yìí ṣeré o. Lọ́dún 1991 tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀, bí ẹ bá dé Ìsàlẹ̀ Òsì tí ẹ béèrè ilé olóòlà, ọmọdé ò ní júwe rẹ̀ fún yín, ẹkún ni yóò bú. Kò sí agboolé kan láti Bẹẹrẹ dé Ọjà'ba tí abẹ Àkíbù ò dé. Gbogbo ọmọ ló ń sọ fún pé, "Kò ní dùn ọ́ o, bí ìgbà tí èèrà bá géni jẹ ni." Irọ́ gbuu! Bọ́mọ bá wá figbe ta, á ní, "Títa ríro là ń kọlà, bó bá jinná tán, a doge."

Àìsàn ojú ló wá dé sí i. Ti òsì ti ṣókùnkùn pátápátá, ti ọ̀tún sì ń tẹ̀ lé e. Lọ́jọ́ Jímọ̀ tó kọjá, ó fẹ́ kọ ọmọ ọwọ́ kan nílà ní Bẹẹrẹ, etí ìró ìyá ọmọ ló gé. Ìyá náà ò tilẹ̀ bínú, ó ń dúpẹ́ pé ìró ni. Nítorí ẹ̀ ni Morádéyọ̀, ìyàwó rẹ̀, ṣe fà á wá sọ́dọ̀ dókítà.

"Bàbá, ẹ gbọ́ mi," ni dókítà wí. "Omi inú ojú yín ò ríbi jáde mọ́, òun ló ń fún ojú náà pa. Iná tí wọ́n ń pè ní léésà lè ṣí ojú ọ̀nà omi yẹn láìlo abẹ rárá. Ara á tètè yá. Ṣùgbọ́n ọ̀nà náà lè tún dí, ojú tèyín ò sì lè dúró dè é. Abẹ la ó fi la ọ̀nà mìíràn fún omi. Ká ní ẹ tètè wá ni, ǹ bá ní ká fi iná gbìyànjú. Èyí tó ti lọ ti lọ. Èyí tó kù yìí ni ká má jẹ̀ẹ́ kó lọ."

"Iná ni mo fẹ́," ni Àkíbù wí.

Morádéyọ̀ pàtẹ́wọ́. "Háà, Bàbá Ọmọ́tọ́lá! Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti mú gbogbo ìgboro sunkún, ẹ̀rù abẹ ń bà yín!"

"Ta lẹ̀rù ń bà? Bí ọ̀bẹ bá mú títí, kì í gbẹ́ èèkù ara rẹ̀."

"Ìdí nìyẹn tẹ́lòmíì fi máa gbẹ́ ẹ."

Dókítà rẹ́rìn-ín. "Bàbá, ẹ fọkàn balẹ̀. Kò ní dùn yín rárá. Bí ìgbà tí èèrà bá…"

"Dákẹ́!" Àkíbù dìde fùú. "Ta ló kọ́ ọ nírọ́ yẹn?"

"Ẹ̀yin ni. Ní Bẹyẹrúnkà, nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún márùn-ún."

Àkíbù na ọwọ́, ó fi ìka wá ẹ̀rẹ̀kẹ́ dókítà. Ó kan abàjà, ó tọpa rẹ̀ láti etí dé ẹnu: ó gún régé. Ó wá gbé àtàǹpàkò tirẹ̀ sókè, èyí tí àpá eyín wà lára rẹ̀.

"Yéè! Ìwọ lo bù mí jẹ!"

"Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá. Ó dùn mí ni."

Àkíbù padà jókòó jẹ́ẹ́. Ojú tì í gan-an. Kò sí ọmọ kankan tó tíì padà wá sọ èyí fún un rí.

"Ó dáa. Sọ òótọ́ fún mi. Èmi ò sọ ọ́ fún ọ."

"Abẹ́rẹ́ tí a ó kọ́kọ́ gún yín máa ta yín dáadáa. Bí oògùn rẹ̀ bá ti mú yín, ẹ ò ní mọ ìgbà tí abẹ kàn yín. Tó bá dalẹ́, á máa ro yín. Ẹ̀rù á sì bà yín."

"Ó ti ń bà mí." Àkíbù mí kanlẹ̀. "Ó yá, la á."

Nọ́ọ̀sì mú un lọ́wọ́. Bó ṣe kù díẹ̀ kí wọ́n wọlé, Morádéyọ̀ ké sí i.

"Bàbá Ọmọ́tọ́lá! Ìgbín yìí ńkọ́?"

"Sìn ín," ni Àkíbù wí. "Lọ́jọ́ tí wọ́n bá tú ojú mi, kó o sè é. Má bá mi wá a nínú ọbẹ̀ o. Èmi ni mo fẹ́ fojú ara mi rí i."