Kí Ó Sùn Lábẹ́ Irin

Abẹ́rẹ́ wọlé, ó jáde. Ìyá Ìwé fa òwú le, ó so ó ní kókó, ó sì nawọ́ sí ìdìpọ̀ mìíràn láìgbójú sókè. Ó ti rán mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Ogójì ni ọ̀gá ń fẹ́ kí aago mẹ́rin tó lù. Ọdún mẹ́tàlélógún ló ti fi ń di ìwé nínú yàrá yìí, níbi tí eruku bébà ti máa ń bà lé irun èèyàn títí a ó fi rò pé ewú ni. Tirẹ̀ kì í ṣe eruku mọ́.

"Ẹ sinmi díẹ̀, ìyá wa," ni Abẹ wí. Ọkùnrin tó ń gé páálí ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀, nítorí ẹ̀rọ rẹ̀ àti nítorí ẹnu rẹ̀. "Àwọn olórí ilé ìfowópamọ́ ló ń gba kóòṣì tó ń tọ́ wọn sọ́nà lẹ́nu iṣẹ́, ẹ̀yin náà sì ti ní tiyín. Ìgbà wo la máa bẹ̀rẹ̀ sí í dọ̀bálẹ̀ fún yín?"

"Gé páálí, kí o má gé ìka."

Ẹ̀rín fẹ́ pa Ìyá Ìwé, ó pa á mọ́ra. Oṣù mẹ́ta ni kóòṣì náà fi wá, ọ̀dọ́bìnrin kan tí ohùn rẹ̀ tutù, tí ilé iṣẹ́ gbà láti máa jókòó ti Ìyá Ìwé nìkan ní gbogbo ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Ọ̀gá ní nítorí pé wọ́n mọ iyì rẹ̀ ni. Ó sì gbà á gbọ́. Ipò alábòójútó ṣófo. Ta ni wọ́n á tún máa kọ́ bí kì í bá ṣe ẹni tí wọ́n fẹ́ gbé ga?

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ó bi ọmọbìnrin náà pé, "Kí làwọn èèyàn ń fi yín ṣe gan-an?"

"Oríṣiríṣi ni, mà. Ẹlòmíràn fẹ́ gòkè. Ẹlòmíràn ò rẹ́ni gbọ́ tirẹ̀. Ilé iṣẹ́ mìíràn sì fẹ́ mọ ohun tó wà nínú orí àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀."

"Èmi ńkọ́?"

Ọmọbìnrin náà ṣí ìwé rẹ̀. "Ẹ sọ bí ẹ ṣe ń ṣiṣẹ́ fún mi. Ẹ má fo nǹkan kan."

Kò fo nǹkan kan. Kò sẹ́ni tó bi í rí. Ó sọ bí a ṣe ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ dán gọ́ọ̀mù wò, ó sọ ìró tí òwú máa ń ní bí ó bá ti le tó, ó sọ ìdí tí ìwé tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ lẹ̀ fi gbọ́dọ̀ sùn lábẹ́ irin wúwo tí a gbé lé e títí di òwúrọ̀ ọjọ́ kejì. Bí ó bá délé tó rántí òmíràn, á kọ ọ́ sílẹ̀ de ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó ń bọ̀.

Abẹ mú ọ̀kan nínú àwọn tó ti rán, láti fi wọn páálí. Ó ṣí i. Ọwọ́ rẹ̀ dúró.

"Ìyá Ìwé, ṣé ẹ ti ka ohun tí ẹ ń dì?"

"Dídì ni tèmi."

"Ẹ gbọ́. 'Fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan gọ́ọ̀mù. Bí ó bá gbóná bí iwájú orí ọmọ tí ara rẹ̀ kò yá, ó ti tó.' Ta ló ń sọ̀rọ̀ báyìí bí kì í ṣe ẹ̀yin?"

Ó gba ìwé náà. Ìlànà fún Àwọn Adìwé Tuntun ni wọ́n kọ sí iwájú, pẹ̀lú orúkọ ilé iṣẹ́. Orúkọ tirẹ̀ kò sí níbì kankan. Ó ń ṣí i lọ, ó ń bá ọ̀rọ̀ ẹnu ara rẹ̀ pàdé lójú ewé kọ̀ọ̀kan, títí ó fi dé ibi irin. "Fi sábẹ́ irin fún wákàtí kan."

"N ò sọ bẹ́ẹ̀," ni ó wí jẹ́ẹ́.

Ọ̀gá ti dé ẹnu ọ̀nà. Kò tíì pé ogójì ọdún. Nígbà tó rí ìwé tó wà ní ṣíṣí lọ́wọ́ Ìyá Ìwé, ó wo ilẹ̀.

"Màmá, mo fẹ́ kí ẹ parí ẹ̀ ná kí n tó sọ fún yín. Àwọn adìwé tuntun mẹ́ta ló ń bọ̀ lọ́jọ́ Ajé. Lẹ́tà yín rèé, òní ni iṣẹ́ yín parí níbí."

"Ṣé kóòṣì náà mọ̀?"

"Ohun tí a ní kó ṣe ló ṣe."

Nígbà tí ọ̀gá jáde, Abẹ sún mọ́ ọn. "Ẹ fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Kí wọ́n fúnra wọn rán ìyókù."

Ìyá Ìwé wo ìdìpọ̀ mẹ́sàn-án tó kù. Bébà tó dára ni. Ó ki òwú bọ abẹ́rẹ́.

Ó rán an tán, ó lẹ̀ ẹ́, ó tò ó ní mẹ́rin mẹ́rin, ó sì gbé irin lé ìtò kọ̀ọ̀kan. Aago mẹ́rin lù, ọ̀gá gbé páálí ńlá kan wọlé láti kó wọn.

"Wákàtí kan ti pé, Màmá."

"Ó di òwúrọ̀ ọ̀la."

"Ìwé ní wákàtí kan."

"Ìwé náà ò tọ̀nà. Bí ẹ bá gbé e báyìí, ẹ̀yìn rẹ̀ á já kóṣù tó parí."

"Ṣùgbọ́n ẹ ò ní sí níbí lọ́la."

"Irin á wà níbí."

Ó nu tábìlì. Ó bọ́ épúrọ́ọ̀nù, ó ká a ní mẹ́rin, ó sì mú lẹ́tà rẹ̀. Abẹ dìde fún un, kò sí àwàdà kankan lẹ́nu rẹ̀. Ìyá Ìwé kò tíì dé ìsàlẹ̀ àtẹ̀gùn tó fi gbọ́ ìró irin lókè, bí wọ́n ti ń gbé wọn kúrò lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó dúró, ó kà á dé ẹ̀kẹrin. Lẹ́yìn náà ó ṣílẹ̀kùn, ó ń lọ.