Kẹ̀kẹ́ Karùn-ún

Akínpẹ̀lú Adéagbo kì í fi okùn ṣeré. Iṣẹ́ fíríìjì àti ẹ̀rọ amúlétutù ni ó ń ṣe ní Tunga, ó sì ti fi ọdún mẹ́rìnlá gbé wọn kiri ìgboro Minna lórí ọkọ̀ láìjẹ́ kí ẹyọ kan já bọ́. Nítorí náà, ní àárọ̀ Sátidé kan nínú oṣù kẹrin, nígbà tí ó ń di kẹ̀kẹ́ ológeere àwọn ará ilé rẹ̀ sẹ́yìn píkọ́ọ̀pù tí ọ̀rẹ́ rẹ̀ yá a, kò gbà kí ẹnikẹ́ni bá a ta kókó. Níyì àbúrò rẹ̀, tí kò tíì ju oṣù mẹ́ta lọ tí ó ti Ògbómọ̀ṣọ́ dé, kàn ń na okùn sí i ni.

Ìdílé mẹ́fà nínú ìjọ Onítẹ̀bọmi wọn ni ó fẹ́ lọ pàgọ́ fún ọjọ́ mẹ́ta ní pápá kan tí ó wà lẹ́yìn Paiko. Wọn yóò ta àgọ́, wọn yóò dáná níta, àwọn ọmọ yóò sì máa gun kẹ̀kẹ́ kiri níbi tí ọkọ̀ kò ti lè gbá wọn. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti kéde rẹ̀ ni àwọn ọmọ Akínpẹ̀lú méjèèjì kò ti jẹ́ kí ilé wọn ní Tunga Low Cost rójú.

Kẹ̀kẹ́ mẹ́rin ni Akínpẹ̀lú dì. Ó ní kí wọ́n fi ti Jésùtófúnmi sílẹ̀, pé bíréèkì rẹ̀ kò mú dáadáa, kí ó máa bá ìyá rẹ̀ lo tirẹ̀. Tófúnmi, ọmọ ọdún mọ́kànlá, kò sunkún. Ó kàn dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń fi àtàǹpàkò ẹsẹ̀ ha ilẹ̀. Ohun tí Ẹ̀bùnọlá ìyá rẹ̀ kò lè fara dà gan-an nìyẹn.

Nígbà tí Akínpẹ̀lú wọlé lọ pa gáàsì, tí Níyì sì sáré lọ ra omi inú ọ̀rá ní ìta, Ẹ̀bùnọlá gbé kẹ̀kẹ́ ọmọ náà jáde, ó gbé e lé orí àwọn yòókù. Okùn ti tán. Ó wá rí rọ́bà gígùn kan tí wọ́n gé lára túbù táyà, ó fi dì í, ó ta á ní kókó méjì, ó sì fọwọ́ fà á wò. Ó le. Tófúnmi di ọwọ́ mọ́ ẹnu rẹ̀ kí ẹ̀rín má baà jáde.

Akínpẹ̀lú jáde, ó rí kẹ̀kẹ́ karùn-ún. “Ẹ ti gbé eléyìí náà síbẹ̀?”

“A ti dì í,” ni Ẹ̀bùnọlá wí.

Fóònù Akínpẹ̀lú ń dún. Púpọ̀ nínú àwọn ìdílé yòókù ti gbéra. Ó kígbe sí Níyì tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbé omi bọ̀: “Níyì, ṣé gbogbo ẹ̀ le?”

“Ó le, sà,” ni Níyì dáhùn. Àwọn kókó tí ó wà níbẹ̀ kí ó tó lọ ni ó rò pé ẹ̀gbọ́n òun ń bèèrè. Báyìí ni wọ́n ṣe lọ.

Wọ́n kọjá Paiko láìsí wàhálà. Ẹ̀yìn ìyẹn ni kòtò bẹ̀rẹ̀ sí í pọ̀ lójú ọ̀nà. Akínpẹ̀lú ń yà wọ́n bí ó ti lè ṣe, ṣùgbọ́n ó kó sínú ọ̀kan, gbogbo wọn sì fò sókè lórí àga. Máyọ̀wá, ọmọ ọdún mẹ́jọ, pariwo ẹ̀rín. Nínú ariwo ẹ̀rín yẹn ni Ẹ̀bùnọlá ti gbọ́ ìró kan lẹ́yìn: gbàgà, lẹ́ẹ̀kan péré, bí ìgbà tí irin bá kan títì ọlọ́dà. Ó yíjú padà. Àgọ́ àti fóòmù tí wọ́n kó sẹ́yìn ti bo fèrèsé. Kò rí nǹkan kan.

Ó la ẹnu láti ní kí wọ́n dúró. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá dúró, Akínpẹ̀lú yóò sọ̀kalẹ̀, yóò rí rọ́bà yẹn, yóò sì bẹ̀rẹ̀ ìwàásù tí kò ní parí títí wọn yóò fi padà sí Minna. Ó pa ẹnu dé. Bóyá ìkòkò ni ó dún, ni ó ń sọ fún ara rẹ̀.

Nígbà tí wọ́n dé ibùdó, Tófúnmi ni ó kọ́kọ́ bọ́ sílẹ̀. Ó sáré lọ sẹ́yìn ọkọ̀, ó sì dúró síbẹ̀. Kẹ̀kẹ́ mẹ́rin ni ó wà níbẹ̀. Rọ́bà náà ń fì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀, ó ti já.

Akínpẹ̀lú mú rọ́bà náà lọ́wọ́, ó wò ó. “Rọ́bà? Níyì! Rọ́bà lo fi di ẹrù sẹ́yìn ọkọ̀ tí èmi ń wà?”

Níyì la ẹnu. Ó wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó wo Ẹ̀bùnọlá tí ojú rẹ̀ ti yí padà, ó sì tẹ orí ba. “Ẹ má bínú, sà.”

Ẹ̀bùnọlá kò sọ̀rọ̀. Kò lè ṣàlàyé ìdí rẹ̀ fún ara rẹ̀. 

Akínpẹ̀lú ṣì ń bú Níyì lọ́wọ́ nígbà tí Arákùnrin Ayọ̀wálé láti ìjọ wọn, tí ó gbéra kẹ́yìn gbogbo wọn, wa ọkọ̀ rẹ̀ wọlé. Kò tilẹ̀ kí ẹnikẹ́ni kí ó tó sọ̀rọ̀.

“Jàǹbá kan wà lẹ́yìn Paiko. Ọ̀kadà ṣubú. Wọ́n ní kẹ̀kẹ́ ni ó já bọ́ lára ọkọ̀ kan, ọlọ́kadà náà sì gun orí rẹ̀. Mo rí ọmọdé kan tí wọ́n ń gbé, ẹ̀jẹ̀ bò ó.” Ojú rẹ̀ bọ́ sí rọ́bà tí Akínpẹ̀lú mú lọ́wọ́, lẹ́yìn náà sí kẹ̀kẹ́ mẹ́rin. Ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀. “Bọ̀ọ̀dá, ẹ má padà síbẹ̀ o. Inú ń bí wọn. Kò sí ẹni tó mọ̀ pé ẹ̀yin ni.”

 Akínpẹ̀lú já kẹ̀kẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sílẹ̀, ó fa àwọn ọmọ lé Màmá Margaret, olórí àwọn obìnrin ìjọ lọ́wọ́, ó sì wọ ọkọ̀. Níyì bọ́ sẹ́yìn. Ẹ̀bùnọlá jókòó síwájú láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni pè é.

Ìrìn bí ogún ìṣẹ́jú ni. Oòrùn ti mú, gbogbo fèrèsé ṣí sílẹ̀, síbẹ̀ òógùn ń ṣàn lọ́rùn Akínpẹ̀lú. “Tí a bá débẹ̀,” ni ó wí, “kí ẹnikẹ́ni má sọ̀rọ̀. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ wo bí ó ṣe rí.”

Láti ọ̀nà jíjìn ni wọ́n ti rí èrò náà. Àwọn ọ̀dọ́kùnrin ti gbé ẹ̀ka igi dí ẹ̀gbẹ́ kan títì. Ọ̀kadà kan dùbúlẹ̀ sínú koríko, iṣu fọ́nká yí i ká. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni kẹ̀kẹ́ Tófúnmi wà, táyà iwájú rẹ̀ ti ká bí ewé gbígbẹ. Sálúbàtà ọmọdé kan wà lórí títì, ẹyọ kan ṣoṣo. 

Ọkùnrin gíga kan tí ó wọ aṣọ àwọn ẹ̀ṣọ́ àdúgbò na ọ̀pá síwájú ọkọ̀. Ó tẹ orí sí fèrèsé Akínpẹ̀lú, ó sì fi Hausa bi í bóyá wọ́n pàdé ọkọ̀ kan tí ó kó kẹ̀kẹ́ sẹ́yìn.

  “A'a,” ni Akínpẹ̀lú wí. Rárá.

Ẹ̀ṣọ́ náà mi orí, ó ń gbé ọ̀pá rẹ̀ kúrò lọ́nà. Ọ̀nà ṣí sílẹ̀ gbayawu níwájú wọn. Akínpẹ̀lú ti fi ọkọ̀ sí jíà.

Ẹ̀bùnọlá ṣílẹ̀kùn, ó sì bọ́ sílẹ̀.

Minna ni wọ́n bí i sí, ní àdúgbò Nassarawa, ọmọ ọmọ òṣìṣẹ́ rélùwéè ni. Hausa sì dùn lẹ́nu rẹ̀ ju ti ọkọ rẹ̀ lọ. Ó gbé ọwọ́ méjèèjì sókè kí gbogbo wọn lè rí i. “Namu ne,” ni ó wí. Tiwa ni. “Àwa la ni kẹ̀kẹ́ yẹn. Ara ọkọ̀ yìí ni ó ti já bọ́.”

 Ariwo sọ. “Kai! Àwọn nìyí!” Ẹnìkan gbá bọ́nẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ọwọ́ kan na wọlé, ó fa kọ́kọ́rọ́ yọ. Wọ́n wọ́ Akínpẹ̀lú jáde lọ́rùn ẹ̀wù, bọ́tìnnì rẹ̀ méjì sì já. Níyì ti bẹ́ sílẹ̀ láti ẹ̀yìn, ó sì wá dúró síwájú Ẹ̀bùnọlá.

“Ta ló dì í?” Ẹ̀ṣọ́ náà ń pariwo. “Ta ló di kẹ̀kẹ́ yẹn?”

Níyì kò gbọ́ Hausa tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ìbéèrè yẹn yé e. Ó fi ọwọ́ lu àyà ara rẹ̀. “Ni ne,” ni ó wí. Èmi ni. “Èmi ni, ẹ fi wọ́n sílẹ̀.”

“Irọ́ ni!” Ẹ̀bùnọlá tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ó kọ́kọ́ fi Hausa sọ ọ́, ó sì tún fi Yorùbá sọ ọ́ kí ọkọ rẹ̀ má baà ní àṣìgbọ́: “Èmi ni mo dì í. Rọ́bà ni mo fi dì í. Níyì ò sí níbẹ̀.”

Akínpẹ̀lú, tí wọ́n ṣì di ọrùn ẹ̀wù rẹ̀ mú, yíjú sí i. 

Ọ̀pá kan gòkè. Ẹ̀ṣọ́ náà fi tirẹ̀ gbà á dúró. “Haba! Obìnrin ni o fẹ́ lù?” Ó bojú wo Ẹ̀bùnọlá pẹ́. Ọ̀nà ti ṣí sílẹ̀ fún wọn tẹ́lẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ló ṣí i. Ó hàn pé ohun tí ó ń rò nìyẹn. Ó gba kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ lọ́wọ́ ẹni tí ó fà á yọ. “Ilé ìwòsàn ni ẹ ń lọ. Èmi ni màá wa ọkọ̀.”

Ní ilé ìwòsàn ìjọba tí ó wà ní Paiko, ọkùnrin ọlọ́kadà náà jókòó sórí bẹ́ńṣì, wọ́n ti fi aṣọ gbé apá òsì rẹ̀ kọ́ ọrùn. Àgbẹ̀ ni, Àbdùlwàhídù ni orúkọ rẹ̀. Ọmọ rẹ̀ obìnrin, Hibatullah, ọmọ ọdún mẹ́fà, ni ó gbé síwájú nígbà tí kẹ̀kẹ́ náà já bọ́. Wọ́n ti rán orí ọmọ náà, ṣùgbọ́n láti ìgbà tí ó ti ṣubú, kò tíì la ojú dáadáa. Dókítà ní àfi kí wọ́n máa wò ó.

Ẹ̀bùnọlá kúnlẹ̀ níwájú ọkùnrin náà, ó sọ bí òun ṣe fi rọ́bà di kẹ̀kẹ́ náà. Àbdùlwàhídù gbọ́ ọ parí.

“Ẹ ò gbọ́ nígbà tó bọ́?” ni ó bi í.

Ẹ̀bùnọlá lè sọ pé rárá. Kò sí ẹni tí ó lè já a nírọ́.

“Mo gbọ́,” ni ó wí. “Mo gbọ́ ìró kan. Mi ò ní kí wọ́n dúró.”

Àbdùlwàhídù yíjú kúrò lára rẹ̀, ó kọjú sí ògiri. “Dìde kúrò níwájú mi,” ni ó wí jẹ́jẹ́.

Wọ́n jókòó sí òpin ọ̀dẹ̀dẹ̀, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ìyá ọmọ náà dé, ó ń sunkún, wọ́n mú un wọlé. Ọlọ́pàá kan wá, ó kọ orúkọ wọn àti nọ́ńbà ọkọ̀. Agogo kan lù, agogo méjì lù. Nígbàkigbà tí ilẹ̀kùn yàrá náà bá ṣí, Ẹ̀bùnọlá á dìde dúró. Nígbàkigbà tí ó bá pa dé, á tún jókòó.

“Ẹ̀bùn,” ni Akínpẹ̀lú wí nígbà tí ó pẹ́. “O gbọ́ ọ.”

“Mo gbọ́ ọ. Ìwàásù yín ni mo ń sá fún.”

Akínpẹ̀lú bo ojú rẹ̀. “Èmi náà parọ́. Ìwọ lo jẹ́ kí a dúró. Ká ní èmi ni, a ì bá ti lọ.” Ó yíjú sí àbúrò rẹ̀, ṣùgbọ́n ó ṣòro fún un láti bẹ̀ ẹ́.

Ẹ̀bùnọlá ni ó kọ́kọ́ bẹ̀ ẹ́. “Níyì, mo jẹ́ kí wọ́n bú ọ lójú mi. Jọ̀ọ́, má bínú.”

“Mo ti mọ̀ láti ibùdó, Àǹtí,” ni Níyì wí. “Mo rò pé ẹ máa sọ̀rọ̀ nígbà tó bá yá.” Kò wò ó lójú bí ó ti ń sọ ọ́, ìyẹn sì dun Ẹ̀bùnọlá ju èébú lọ.

Nígbà tí aago mẹ́rin kọjá díẹ̀, igbe sọ nínú yàrá náà.  Ẹ̀bùnọlá di ògiri mú. Ṣùgbọ́n igbe ọmọdé ni, igbe ọmọ tí ebi ń pa tí inú sì ń bí. Nọ́ọ̀sì kan jáde pẹ̀lú ẹ̀rín. “Ó ti jí o. Ó ń bèèrè ìyá rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ìyá rẹ̀ ló gbé e lẹ́sẹ̀.”

Akínpẹ̀lú bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún níbi tí ó jókòó sí, láìpariwo, bí ẹni tí kò mọ̀ pé omi ń bọ́ lójú òun.

Wọ́n kó àwọn ọmọ wálé láti ibùdó ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Kò sí ẹni tí ó bèèrè pé kí wọ́n dúró sí i. Akínpẹ̀lú ni ó gba owó ìwòsàn àti ti àtúnṣe ọ̀kadà sí ọrùn. Lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ sì ni Ẹ̀bùnọlá ń lọ sí abúlé Àbdùlwàhídù, Níyì ni ó máa ń gbé e lọ. Ní ìgbà àkọ́kọ́, Àbdùlwàhídù kò jáde kúrò nínú yàrá. Ìyàwó rẹ̀ ni ó gbé omi fún wọn. Ní ìgbà kejì, ó jáde, ó kí Níyì, ó sì wọlé padà.

Ní ìgbà kẹta, Tófúnmi bá wọn lọ. Hibatullah fi ojú ọgbẹ́ orí rẹ̀ hàn án, ó ń fi ìka ka ojú abẹ́rẹ́ tí wọ́n fi rán an, méje, kí wọ́n tó jọ sá lọ sẹ́yìn ilé. Àbdùlwàhídù jáde wá pẹ̀lú apá rẹ̀ tí wọ́n ṣì gbé kọ́ ọrùn. Ó dúró fún ìgbà díẹ̀, ó ń gbọ́ ohùn àwọn ọmọ méjèèjì. Lẹ́yìn náà ni ó fa àga kan, ó gbé e síwájú Ẹ̀bùnọlá.

“Jókòó,” ni ó wí.