Táyà Tí A Fá Lórí

Táyà kan wà lórí tábìlì tí wọ́n ti ń jẹun nílé ẹ̀gbọ́n mi obìnrin. Ó jókòó gẹlẹtẹ láàárín agolo mílíìkì àti búrẹ́dì tí wọ́n ti gé. Ọkọ ẹ̀gbọ́n mi fi èékánná àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́, ó gbé imú lé e, ó sì dijú bí ẹni tó ń gbóòórùn lọ́fínńdà.

"Bọ̀ọ̀dá, ẹ̀ bá kúkú lá a," ni mo wí.

"Ta ló sọ fún ẹ pé mi ò tíì lá a?"

Ó rẹ́rìn-ín. Mo wo ẹ̀gbẹ́ ẹnu rẹ̀, mo sì rí dúdú níbẹ̀. Búrẹ́dì tó wà lẹ́nu mi kọ̀, kò lọ mọ́.

Ọkọ̀ eré ni Bọ̀ọ̀dá ní. Ìjókòó méjì péré ló wà nínú rẹ̀, ó sì rẹlẹ̀ débi pé ẹni tó bá fẹ́ wọ̀ ọ́ á kọ́kọ́ tẹ̀ ba bí ẹni tó fẹ́ dọ̀bálẹ̀. Láti ọjọ́ Ajé títí dé ọjọ́ Ẹtì, òun ló ń wà lọ síbi iṣẹ́. Tó bá di ọjọ́ Àbámẹ́ta, òun náà ló ń wà ní pápá ìsáré ọkọ̀ tó wà lẹ́yìn ìlú. Táyà kan náà ló fi ń ṣe méjèèjì, èyí tó wà lẹ́sẹ̀ ọkọ̀ náà sì ti jẹ tán, ló fi ń wá tuntun.

Àǹtí, ẹ̀gbọ́n mi yìí, jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ wíńdò, ó na ẹsẹ̀ ọ̀tún sórí ìrọ̀rí. Nọ́ọ̀sì ni. Oṣù tó kọjá ni wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún un ní orúnkún, dókítà sì ní kò gbọdọ̀ wakọ̀, kò sì gbọdọ̀ dúró nínú bọ́ọ̀sì fún oṣù mẹ́ta gbáko. Nítorí náà, ọkọ̀ eré yìí ló ń gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ní aago mẹ́fà àárọ̀, ọ̀nà gbọọrọ tó gba ẹ̀bá odò ni wọ́n sì ń gbà, níbi tí omi òjò máa ń dúró sí lójú títì bí ẹni pé ó ti rí ilé.

"Ẹ gbọ́, ẹ̀yin méjèèjì," ni Àǹtí wí. "Òjò ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ yan táyà tó máa gbé mi débi iṣẹ́ láìgbé mi sódò. Tẹ́ ẹ bá ti ṣèyẹn tán, kẹ́ ẹ lọ máa fi èyí tó kù ṣeré."

"Ìyàwó mi, ṣé èmi lè gbé ẹ sórí táyà burúkú?"

"Ẹ bi ara yín."

Èmi ni Bọ̀ọ̀dá pè wá yan táyà náà. Prófẹ́sọ̀ ló máa ń pè mí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé èṣí ni mo jáde ní yunifásítì, mi ò sì tíì jókòó síbi iṣẹ́ kan fún oṣù mẹ́rin kó má sú mi. Ó mọ̀ pé tí wọ́n bá gbé ọ̀rọ̀ tó lọ́jú pọ̀ síwájú mi, mi ò ní jẹun dáadáa títí màá fi tú u.

Ọ̀rọ̀ táyà yìí sì lọ́jú pọ̀. Èyí tó bá rọ̀ máa ń di ọ̀nà mú, àmọ́ kì í pẹ́ jẹ. Èyí tó bá le máa ń pẹ́, àmọ́ á máa yọ̀ ní kọ́nà. Àwọn ilà jíjìn tó wà lójú táyà ló ń lé omi dànù nígbà òjò. Ní pápá, àwọn ilà yẹn náà ni kì í jẹ́ kí rọ́bà dúró gbọin-in, á máa mì, á gbóná jù, á sì máa bó. Ohun tó dùn mọ́ ìgboro ló ń korò lẹ́nu pápá.

Ẹgbẹ́ àwọn tó ń sáré lọ́jọ́ Àbámẹ́ta ní òfin tiwọn. Nọ́mbà kan máa ń wà lára táyà tó ń sọ bó ṣe máa pẹ́ tó. Wọ́n ní kò gbọdọ̀ dín ní igba. Wọ́n ní jíjìn ilà rẹ̀ náà kò gbọdọ̀ dín ní mìlímítà méjì. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi wádìí nọ́mbà igba yìí, ohun tí mo rí sì kó mi nírìíra. Ẹni tó ṣe táyà ló ń kọ nọ́mbà yẹn sí i fúnra rẹ̀, bí akẹ́kọ̀ọ́ tó máàkì ìdánwò ara rẹ̀. Mo rí àwọn táyà tó rọ̀ bíi ṣingọ́ọ̀mù tí wọ́n ti jẹ, igba ni wọ́n kọ sí wọn lára. Irọ́ tí wọ́n tẹ̀ mọ́ rọ́bà, tó sì ń dán.

Ká ní ìríra yẹn dá mi dúró ni, ì bá dáa. Ṣe ni mo tún ń ṣírò lọ.

Oníṣègùn eyín kan wà ní pápá tó máa ń fi ìṣẹ́jú àáyá kan ṣáájú Bọ̀ọ̀dá ní gbogbo yípo. Tí wọ́n bá sáré tán, á wá dúró sẹ́nu ọ̀nà ọkọ̀ Bọ̀ọ̀dá pẹ̀lú òógùn, á ní, "Ọ̀rẹ́, ṣé kí n bá ẹ yọ èyí tó ń fà ẹ́ sẹ́yìn? Kò ní dùn ẹ́ rárá." Bọ̀ọ̀dá ò lè sùn nítorí ìṣẹ́jú àáyá kan ṣoṣo yẹn.

Lọ́jọ́ kẹrin, mo pè é sẹ́yìnkùlé. Mo ní, "Bọ̀ọ̀dá, ẹ ra èyí tó rọ̀ jù nínú àwọn onígba yìí. Mìlímítà mẹ́jọ ni ilà rẹ̀ jìn. Ẹ jẹ́ kí wọ́n fá a dé mẹ́ta. Rọ́bà rẹ̀ ò ní mì mọ́. Òfin ò ní rí yín mú, ẹ ó sì fi ìṣẹ́jú àáyá kan àtààbọ̀ yá sí i."

Bí ẹni tó já àlọ́ ni mo ṣe sọ ọ́. Bọ̀ọ̀dá gbá mi mọ́ra, òórùn rọ́bà sì bo imú mi. Mi ò lè sọ pé mo gbàgbé Àǹtí. Mo rántí rẹ̀. Mo kàn gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, bíi nọ́mbà tí kò jẹ́ kí ìṣirò jáde.

Ṣọ́ọ̀bù ẹni tí wọ́n ń pè ní Baba Rọ́bà ni wọ́n ti ń fá táyà. Ilẹ̀ ibẹ̀ ń lẹ̀ mọ́ bàtà. Agolo kan wà lẹ́sẹ̀ ọkùnrin náà tó ń tutọ́ sí, itọ́ náà sì dúdú. Ó gbé táyà àkọ́kọ́ sórí ẹ̀rọ. Tuntun ni, irun rọ́bà tín-ín-rín ṣì wà lára rẹ̀ bí irun ọmọ ìkókó. Ẹ̀rọ náà ń yí i, ọ̀bẹ kan sì sún mọ́ ọn. Bó ṣe kàn án báyìí, ọ̀já rọ́bà bẹ̀rẹ̀ sí í jáde, ó gùn, ó gbóná, ó ń lọ́ra bí ìfun ẹran tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fà jáde nínú. Ó ń kó jọ sórí bàtà mi. Èéfín rẹ̀ jókòó sí mi lọ́fun bí òróró tó ti kan.

"Àwọn tí mo ń fá tiwọn," ni Baba Rọ́bà wí, "ẹ̀yìn tírélà ni wọ́n ń gbé ọkọ̀ wọn sí lọ sí pápá. Ẹ̀yin ní tírélà?"

"Ẹsẹ̀ mẹ́rin ni mo ní, ó sì ń yí," ni Bọ̀ọ̀dá dáhùn.

"Tí òjò bá wá ń rọ̀ ńkọ́?"

"Màá rọra wà á."

"Gbogbo wọn ló máa ń rọra wà á." Baba Rọ́bà tutọ́ sínú agolo. Ó fa ìwé kan yọ lábẹ́ tábìlì. "Ẹ buwọ́ lu èyí. Ó ní mo ti sọ fún yín pé wọn kì í wa táyà yìí nínú òjò. Ẹlẹ́rìí yín náà á buwọ́ lù ú. Mi ò fẹ́ kí ìyàwó ẹnikẹ́ni wá máa sunkún sí mi lọ́rùn."

Bọ̀ọ̀dá ò kà á. Ó fọwọ́ sí i, ó sì ti bírò sí mi. "Prófẹ́sọ̀, ṣe tìẹ."

Èmi kà á. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo kà á. Nínú àwa mẹ́ta tó wà níbẹ̀, èmi ni mo mọ bí omi ṣe ń gbé táyà kúrò nílẹ̀, mo mọ bí ọkọ̀ ṣe gbọ́dọ̀ máa sáré tó kó tó ṣẹlẹ̀, mo sì mọ ẹni tó ń jókòó lápá ọ̀tún ọkọ̀ yẹn ní aago mẹ́fà àárọ̀. Mo buwọ́ lù ú.

Nígbà tá a ń lọ sílé, Bọ̀ọ̀dá gbá mi léjìká. "Ọ̀rọ̀ ọkùnrin nìyí o. Kò kan Àǹtí ẹ."

Kí oòrùn tó wọ̀, Àǹtí fi ọ̀pá ìtilẹ̀ rìn wá bá mi ní kíṣíìnì.

"Ẹ ti yan táyà?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Ó dáa nínú òjò?"

Mo bu omi mu.

"Mò ń bá ẹ sọ̀rọ̀. Àbí omi ti di ẹ́ létí?"

"Kò dáa nínú òjò, mà."

Mo sọ gbogbo rẹ̀: nọ́mbà igba, oníṣègùn eyín, ọ̀bẹ, ìwé tá a buwọ́ lù. Kò dá ọ̀rọ̀ mọ́ mi lẹ́nu. Ìgbà tí mo parí ló béèrè pé, "Ta ló ní kí wọ́n fá a?"

"Èmi ni, mà."

"Ọkọ mi, mo mọ̀ ọ́n. Tí wọ́n bá ní kó fá orí èmi gan-an kí ọkọ̀ náà lè yá, á ní kí n jókòó. Ìwọ ńkọ́? Ìwọ tí mo pọ̀n lẹ́yìn?"

Ó ń wò mí bó ṣe máa ń wo báńdéèjì tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tú lára egbò tó ti rà.

"Nọ́ọ̀sì tá a jọ ń ṣiṣẹ́ máa wá gbé mi láàárọ̀ ọ̀la," ló wí. "Ìwọ lo máa jókòó síbi tí mo máa ń jókòó sí. Títí dé ẹnu ọ̀nà ilé ìwòsàn. Tó o bá dé, kó o wá sọ fún mi bóyá kí n tún wọ ọkọ̀ yẹn."

"Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́..."

"Ṣebí ìwọ lo bá mi yan ibẹ̀? Lọ tọ́ ọ wò."

Láàárọ̀, òjò ń rọ̀ bí ẹni pé wọ́n rán an sí wa. Inú Bọ̀ọ̀dá dùn láti rí mi. "Àna mi àtàtà! Wá wo bí iṣẹ́ ọpọlọ ẹ ṣe ń rìn."

Ó rọra wà á lóòótọ́, mi ò ní purọ́ mọ́ ọn. Nígbà tá a dé ọ̀nà ẹ̀bá odò, ọgọ́ta ló ń sá, bọ́ọ̀sì ń kọjá lára wa, àwọn tó wà nínú rẹ̀ sì ń yọjú wo ọkọ̀ olówó tó ń wọ́ bí ìgbín. Lẹ́yìn náà ni ariwo ojú títì dákẹ́. Ìyẹn ló kọ́kọ́ yà mí lẹ́nu, pé ó dákẹ́. Bọ̀ọ̀dá yí ìdarí ọkọ̀ sọ́tùn-ún, ọkọ̀ ò dá a lóhùn. Ó tẹ bíréèkì, kò sí nǹkan. Ìdí ọkọ̀ yọ síwájú, imú rẹ̀ padà sẹ́yìn, a yí lẹ́ẹ̀kan, a tún yí, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ewé lójú omi. A wá dúró ní ibùdó bọ́ọ̀sì, àwọn èèyàn sì fò sẹ́yìn pẹ̀lú igbe.

Òpó kọnkéré kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Mo yí gíláàsì wálẹ̀, mo na ìka, ìka mi kàn án. Èékánná mi ò tíì jáde lójú wíńdò tán.

Bọ̀ọ̀dá ti bọ́ sílẹ̀. Mo rò pé àwọn èèyàn ló fẹ́ bẹ̀. Ó yí ọkọ̀ náà ká nínú òjò, ó ń fọwọ́ pa á lára. "Kò ha!" ló kígbe. "Kò ha rárá!"

Òpó náà ò jẹ́ kí ilẹ̀kùn tèmi ṣí. Mo rá gba orí ìjókòó Bọ̀ọ̀dá jáde, mo dé ibi gọ́tà, mo sì bì.

"Ọmọ, ẹ ti mutí ni?" Obìnrin kan tí agboòrùn rẹ̀ ti ṣẹ́ ló ń bi mí.

"Rárá, mà. Táyà ni."

"Táyà tó ń dán yìí? Ṣebí tuntun ni?"

"Tuntun ni, mà. A fá a ni."

"Ẹ fá kí ni?" Ó yíjú sí àwọn yòókù. "Ẹ gbà mí o! Wọ́n ní àwọn fá táyà!"

"Àwọn táyà náà ò tíì gbóná ni," Bọ̀ọ̀dá ń ṣàlàyé fún ẹni tí kò bi í. "Tí wọ́n bá gbóná, wọn ò ní ṣe báyìí." Ó wá sún mọ́ mi, ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Kò sẹ́ni tó fara pa. Má sọ fún Àǹtí ẹ. Tó bá di ọ̀la, òjò lè má rọ̀, màá sì gbé e bó ṣe yẹ."

Mo wo ojú rẹ̀ bóyá ó ń ṣàwàdà. Kò ṣàwàdà. Ó ti gbé ẹ̀gbọ́n mi padà sẹ́gbẹ̀ẹ́ òpó yẹn lọ́kàn rẹ̀, ẹ̀rín sì wà lẹ́nu rẹ̀.

Fóònù mi dún. Àǹtí ni. Bọ̀ọ̀dá gbé ìka lé ètè.

"O wà níbo?"

"Ibùdó bọ́ọ̀sì lẹ́bàá odò, mà. Ọkọ̀ yí mọ́ wa lọ́wọ́. Ká ní ẹ̀yin lẹ wà níbẹ̀, orúnkún yín kì bá jẹ́ kẹ́ ẹ lè rá jáde. Ẹ má wọ̀ ọ́ mọ́, Àǹtí."

"Òun ńkọ́?"

"Ó ń wo ọ̀dà ọkọ̀ rẹ̀, mà."

"Yọ kọ́kọ́rọ́ ẹ̀ wá."

Mo bẹ̀rẹ̀ wọnú ọkọ̀, mo yọ kọ́kọ́rọ́. Bọ̀ọ̀dá nawọ́. "Prófẹ́sọ̀, fún mi. Mi ò fẹ́ pẹ́ dé ibi iṣẹ́."

"Bọ́ọ̀sì ń bọ̀ lọ́hùn-ún, Bọ̀ọ̀dá."

"Èmi? Bọ́ọ̀sì? Èmi tí mò ń ṣe ọkọ ẹ̀gbọ́n ẹ!"

"Ẹ má bínú, sà."

Bọ́ọ̀sì ò ríbi dúró sí, nítorí ọkọ̀ wa ló wà níbẹ̀. Awakọ̀ rẹ̀ yọrí jáde, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í bú wa láti orí dé ẹsẹ̀. Obìnrin alágboòrùn àti ọkùnrin méjì bá wa ti ọkọ̀ Bọ̀ọ̀dá kúrò lọ́nà. Ó yọ̀ lọ wọ́ọ́rọ́wọ́ láìfagbára, ó sì ń bá a lọ nígbà tá a ti jáwọ́, títí ó fi gbá òkúta etí títì. Bọ̀ọ̀dá kígbe bí ẹni tí wọ́n gún lọ́bẹ.

Mo fẹsẹ̀ rìn dé ilé ìwòsàn. Àǹtí jókòó sẹ́nu ọ̀nà wọ́ọ̀dù, ó ń kọ nǹkan sínú káàdì aláìsàn. Mo dọ̀bálẹ̀ nínú aṣọ tó ti rin gbingbin, omi sì ń ro sílẹ̀ lára mi. Kò ní kí n dìde. Ó fi ìka méjì gba kọ́kọ́rọ́ náà, ó jù ú sínú dúrọ́ọ̀ tábìlì, ó tì í. Lẹ́yìn náà ló gbé ọ̀pá rẹ̀, ó lọ síbi ẹ̀rọ omi, ó sì fi ọṣẹ fọ ọwọ́ rẹ̀ dé ìgúnpá kó tó lọ dá aláìsàn tó ń pè é lóhùn.