Bọ́tìnnì Tí Charanjit Ò Fà Sílẹ̀

Tí ẹnikẹ́ni bá sọ níwájú Charanjit Kaur Mahal pé ayé rédíò ti tán, ẹ̀rín ni yóò kọ́kọ́ fi onítọ̀hún rín. Lẹ́yìn náà ni yóò ní kó lọ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ iná ojú pópó ní Scott Road láàárọ̀, kó sì tẹ́tí sílẹ̀. Nínú tírélà, nínú takisí, nínú ilé ìdáná tí wọ́n ti ń dín búrẹ́dì pẹlẹbẹ tí wọ́n ń pè ní paratha, ohùn ta ni wọ́n ń gbọ́? Ohùn Charanjit ni. Ọjọ́ ti pẹ́ tó ti ń jókòó sídìí máíkì yẹn nílùú Surrey ní Kánádà, òjò ò dá a dúró rí, yìnyín ò dá a dúró rí. Nílé-iṣẹ́ rédíò kékeré bíi tiwọn, kò sí pé ẹnì kan ń bá ẹnì kan ṣiṣẹ́ ẹ̀rọ. Òun ló ń sọ̀rọ̀, òun ló ń gbé fóònù, òun náà ló ń fa bọ́tìnnì máíkì sókè láti ṣí i, tó tún ń fà á sílẹ̀ láti pa á.

Láàárọ̀ ọjọ́ tí mò ń sọ yìí, òjò ń rọ̀ wìnnìwìnnì, ìbò ìgbìmọ̀ ìlú sì ti kù sí dẹ̀dẹ̀. Àlejò orí ètò ni Jagdeep Bhangal, ẹni tó ni ṣọ́ọ̀bù àga tí ìpolówó rẹ̀ kì í kúrò lórí rédíò wọn. Àwọn ọmọ ilé-ìwé mọ orin ìpolówó náà ju orin orílẹ̀-èdè lọ. Ní báyìí, Jagdeep fẹ́ jókòó sí ìgbìmọ̀ ìlú, ó sì mọ ibi tí ìbò wà. Ọwọ́ àwọn awakọ̀ tírélà ló wà.

Ohun tó ń dun àwọn awakọ̀ ò fara sin. Tí wọ́n bá ti ọ̀nà jíjìn dé, kò síbi tí wọ́n máa gbé tírélà sí. Tí wọ́n bá gbé e sẹ́bàá ọ̀nà, àwọn òṣìṣẹ́ ìlú á bu owó ìtanràn lé wọn. Ọkọ Charanjit gan-an wà lára wọn.

"Ẹ dìbò fún mi," Jagdeep sọ sínú máíkì, ó gbá àyà. "Kí ọdún tó yípo, ẹ ó ní páàkì tírélà tó fẹ̀. Ọ̀rọ̀ mi nìyẹn!"

Fóònù ò sinmi mọ́. Oníkálukú ń pè láti kí i, wọ́n ń ṣàdúrà fún un. Nígbà tó yá, àkókò ìpolówó dé. Charanjit tẹ ìpolówó, ó na ọwọ́ sí bọ́tìnnì máíkì láti fà á sílẹ̀. Àkókò yẹn gan-an ni Jagdeep yọ páálí àdídùn barfi kan jáde lábẹ́ tábìlì, ó fi ọwọ́ méjèèjì nà án sí i.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ gbà. Bàbá mi ló ní kí n gbé e wá fún yín. Wọ́n ní àwọn kì í jí dáadáa tí àwọn ò bá tíì gbọ́ ohùn yín."

Ẹ sọ fún mi, obìnrin wo ni wọ́n tọ́ dáadáa tó máa fi ọwọ́ kan gba àdídùn tí bàbá àgbà fi ránṣẹ́, tó máa wá fi ọwọ́ kejì fa bọ́tìnnì? Charanjit fi ọwọ́ méjèèjì gbà á, ó gbé e kan iwájú orí. Bọ́tìnnì wà lókè níbi tó wà.

Orin ìpolówó ń lọ lórí afẹ́fẹ́: "Ẹ wá sọ́dọ̀ Jagdeep! Àga tó dúró gbọnin, ọ̀rọ̀ tó dúró gbọnin!" Ohùn Jagdeep fúnra rẹ̀ sì gun orí orin náà.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ ò rí i bí inú wọn ṣe ń dùn? Páàkì wo? Ilẹ̀ wo ló kù ní Surrey tí wọ́n máa fi gbé tírélà sí? Ilé ni wọ́n máa kọ́ sí i. Àwọn awakọ̀ yẹn, ẹ kàn fún wọn ní tíì gbígbóná, wọ́n ti sùn nìyẹn."

Ẹ̀rín ń pa á. Charanjit la ẹnu láti bá a wí, ojú rẹ̀ sì bọ́ sára iná pupa òkè ilẹ̀kùn, èyí tó máa ń tàn tí máíkì bá ṣí sílẹ̀. Iná náà ń tàn. Ó sáré fa bọ́tìnnì sílẹ̀, ṣùgbọ́n gbogbo ìlà fóònù ti tàn yòò.

Kuldip Grewal, ẹni tó ni ilé-iṣẹ́ rédíò náà, já wọlé, láwàní rẹ̀ ti wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Charanjit! O ti pa mí!"

"Wọ́n gbọ́?" Jagdeep béèrè. Ojú rẹ̀ ti yí padà.

"Títí dé ìlú Abbotsford ni wọ́n gbọ́ ẹ!"

"Ó dáa," ni Jagdeep wí, "àwàdà ni. Ẹ̀gbọ́n, ẹ sọ fún wọn pé ẹ̀yin lẹ ní kí n ṣàwàdà. Tẹ́ ẹ bá kọ̀, mo máa kó gbogbo ìpolówó mi kúrò níbí lónìí."

Kuldip yíjú sí obìnrin náà. "O gbọ́ àbí o ò gbọ́? Àwàdà ni. Tó o bá sọ nǹkan míì, má wulẹ̀ wá lọ́la. Màá gbé ètò yẹn fún ẹlòmíì."

Ìpolówó oníwúrà nìkan ló kù kí wọ́n padà sórí afẹ́fẹ́. Ẹ̀rù ba Charanjit, mi ò ní parọ́ fún yín. Ó fẹ́ràn ìjókòó yẹn ju bó ṣe fẹ́ràn ilé rẹ̀ lọ. Àmọ́ ó rántí àwọn tó ń gbọ́ ọ lójú ọ̀nà òkè, láàárín yìnyín, níbi tí kò sí ohùn mìíràn tó ń bá wọn sọ̀rọ̀. Àwọn àgbà ní ẹyin lohùn, bó bá bọ́ kì í ṣe é kó. Ó bi ara rẹ̀ léèrè pé ẹyin ta ló tiẹ̀ bọ́? Ó jókòó dáadáa, ó fa bọ́tìnnì sókè.

"Ẹ̀yin ará mi, Charanjit ni. Mo ṣẹ̀ yín. Iṣẹ́ mi ni láti pa máíkì, mi ò sì pa á. Mo tọrọ àforíjì lórí ìyẹn. Ní ti ohun tẹ́ ẹ gbọ́, kì í ṣe tèmi, mi ò lè bá olóhun bẹ̀bẹ̀. Olóhun wà níwájú mi níbí. Ẹ bá a sọ̀rọ̀."

Kuldip di orí mú. Kí Jagdeep tó rí ọ̀nà àtidìde, Charanjit ti gbé fóònù àkọ́kọ́.

"Ẹ káàárọ̀ o. Ta là ń bá sọ̀rọ̀?"

"Mohinder Bhangal ni."

Jagdeep tó ti fẹ́ dìde padà jókòó.

"Charanjit, ọmọ mi, ṣé barfi yẹn tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́?"

"Ó tẹ̀ mí lọ́wọ́, Bàbá. Ẹ ṣeun gan-an."

"Ó dáa. Jagdeep ńkọ́?"

"Bàbá," ni Jagdeep wí kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, "ẹ jẹ́ ká sọ ọ́ nílé."

"Ṣé ilé lo ti sọ tìẹ ni? Mo wà ní ọgbà ìgbafẹ́, èmi àtàwọn ẹgbẹ́ mi tá a jọ ń ta káàdì. Gbogbo wọn gbọ́ ẹ. Iṣẹ́ wo ni mo ṣe?"

"Tírélà lẹ wà, Bàbá."

"Wọn ò gbọ́ níbí."

"Tírélà lẹ wà!"

"Àga tó o kọ́kọ́ tà, ta ló gbé e wá láti Toronto?"

"Ẹ̀yin ni."

"Níbo ni mo sùn nígbà tí mo gbé e dé?"

Jagdeep fi ọwọ́ bo ojú.

"Inú tírélà ni, níwájú ilé ara mi, kí wọ́n má baà wá wọ́ ọ lọ. Ìwọ lo gbé tíì gbígbóná wá bá mi níta. Mo mu ún, Jagdeep. Mi ò sì sùn." Bàbá náà wúkọ́. "Charanjit, ọmọ mi, ó dàbọ̀. Èmi ni káàdì kàn."

Ó gbé fóònù sílẹ̀. Charanjit tẹ ìpolówó. Lọ́tẹ̀ yìí, ó na ìka sí bọ́tìnnì kí Jagdeep lè rí i, ó fà á sílẹ̀ pátápátá. Iná pupa kú.

"Máíkì ti kú," ló wí. "Sọ̀rọ̀ báyìí, àbúrò mi."

Jagdeep wo iná, ó wo páálí barfi. Lórí afẹ́fẹ́, orin rẹ̀ tún ń sọ nípa ọ̀rọ̀ tó dúró gbọnin. Kuldip ń wo àwọn ìlà fóònù tí ò yéé tàn, ó jáde lọ, ó sì gbé ife tíì kan wọlé. Ó rọra gbé e kalẹ̀ síwájú Charanjit.

"Má pẹ́ dé lọ́la o," ló wí.

Orin ìpolówó ti fẹ́ parí kí Jagdeep tó la ẹnu.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ tan án."

"Kí lo fẹ́ sọ?"

"Ẹ ṣáà tan án. Bàbá mi ń gbọ́."

Charanjit ti páálí barfi sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó fa bọ́tìnnì sókè.